Ìlẹ̀kẹ̀ Ìyá Àgbà Lára Ògiri

                                        Ilé Kẹrìnlá, Ṣàngó,
                                        Ìlọrin,
                                        Ìpínlẹ̀ Kwárà.
                                        Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kẹsàn-án, 1974.

Ìyábọ̀dé, àbúrò mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ńkọ́, òjò Kàdúná ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ ti san? Ara gbogbo wa le níbí. Olúṣọlá ọmọ wa ti ga jù mí lọ, ó sì ń jẹun bí ẹni tí kò ní rí òmíràn mọ́.

Ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀, àmọ́ ojú ń tì mí díẹ̀. O rántí okùn ìlẹ̀kẹ̀ làńtànà Ìyá Àgbà, tí Màmá wọ̀ nígbà ìgbéyàwó wọn, tí èmi náà wọ̀. Láti ìgbà yẹn ló ti wà nínú agolo bisikíìtì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Nínú oṣù Kẹrin, mo rò ó pé nǹkan pupa tó ń dán tó báyìí kò yẹ kó máa bá eku gbé, ni mo bá gbé e lọ sọ́dọ̀ Abdulganiyu tó ń ṣe férémù fọ́tò ní Táíwò Road.

Ó yí i síwá sẹ́yìn. Ó ní bàbá bàbá òun wà lára àwọn tó ń lọ òkúta làńtànà nílùú yìí títí yóò fi máa dán. Mo ní kó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí.

"Wàláhì, Tíṣà, n ò ṣe é," ló dá mi lóhùn. "Fọ́tò ló ni gọ́ọ̀mù. Èyí, abẹ́rẹ́ ni màá fi rán an."

Àrán dúdú ló rán an mọ́, ó fi dígí bò ó, mo sì gbé e kọ́ sí pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò Bàbá àti Màmá tó ti dolóògbé. Ó wuyì gan-an. Hẹ́dímáàsítà wa wá kí wa, kò wo ojú mi títí ó fi lọ, ògiri ló ń wò. Mo wá ń yan kiri inú ilé bí ìyàwó olóyè.

Àfi bí Màmá Ọ̀mù ṣe dé ní Sátidé tó kọjá. O mọ̀ pé àwọn nìkan ló kù nínú àwọn ọmọ Ìyá Àgbà. Wọ́n wọlé, wọ́n rí ògiri, wọ́n jókòó, wọn ò fẹnu kan omi tí mo gbé fún wọn. Wọ́n ní ṣé Ìyábọ̀dé ti kú ni, nítorí nǹkan òkú la máa ń gbé kọ́ ògiri nílé wa. Mo ní rárá o, o wà láàyè.

"Kí ló wá dé tí o fi sin ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ sínú dígí? Ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká filẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ìwọ wá lọ fi tiwa sídìí ògiri."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, àmọ́ kò lè jáde. Kí n má purọ́ fún ọ. Ọkùnrin ni gbogbo ọmọ tèmi, ìwọ sì ti pé ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n láìmú ẹnikẹ́ni wálé. Ìlẹ̀kẹ̀ ìyàwó ni mo kà á sí, mo sì ti sọ lọ́kàn mi pé kò sí ìyàwó tí yóò wọ̀ ọ́ mọ́. Mo ti sọ ìrètí nù lórí rẹ, n kò sì jẹ́wọ́ rẹ̀ fún ara mi pàápàá. Ó dùn mí gan-an.

Màmá Ọ̀mù wá sọ ohun tí n kò mọ̀, torí ọmọ ọdún mẹ́ta ni mí nígbà náà. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí Ìyá Àgbà kú ni wọ́n bí ọ. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ, okùn yìí ni wọ́n gbé lé ọ láyà kí wọ́n tó pe orúkọ rẹ, wọ́n ní ẹni tó ni ín ti padà dé. Kò sí ẹni tó mẹ́nu kan ọkọ. Màmá yá a lọ́wọ́ Ìyá Àgbà, èmi yá a lọ́wọ́ rẹ, n kò sì dá a padà.

Lánàá ni mo tú férémù náà, mo já òwú Abdulganiyu níkọ̀ọ̀kan. Ẹyọ kan kò bàjẹ́. Ògiri mi ṣófo, àmọ́ màá rí kàlẹ́ńdà fi síbẹ̀. Bọ́sẹ̀dé aládùúgbò wa ń bá rélùwéè bọ̀ ní Kàdúná, mo di ìlẹ̀kẹ̀ náà, òun ni mo sì fi ìdì náà rán pẹ̀lú lẹ́tà yìí.

Bá mi kí àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ rẹ, pàápàá Ràúdátù tó fi kúlíkúlí ránṣẹ́ sí wa. Màmá Ọ̀mù kí ọ, bàbá àwọn ọmọ kí ọ, àwọn ọmọ náà kí ọ.

Jọ̀wọ́, foríjì mí. Má gbé e pamọ́ de ìgbéyàwó, má tilẹ̀ gbé e pamọ́ de ọjọ́ Ìsinmi. Ibi tí o kà á dé yìí, tú ìdì náà, kí o fi nǹkan rẹ sọ́rùn.

                                        Tìrẹ ni mí, ẹ̀gbọ́n rẹ,
                                        Mojísọ́lá.