Òpópónà Tí Wọn Kò Mú Mi Gbà

Ilé àbúrò rẹ, lẹ́bàá èbúté,
Ọ̀sán Ọjọ́rú.

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ṣé ara yín le? Ikọ́ tó ń da àbíkẹ́yìn rẹ láàmú ńkọ́, ṣé ó ti fi í sílẹ̀? Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí yóò bà wá lọ́kàn jẹ́. Ní tèmi, ara kò burú, oúnjẹ sì ń wọlé dáadáa. Ọkàn mi nìkan ni kò jókòó sójú kan, òun ló mú mi gbé kálàmù.

Ìwọ lo ní kí n wá wo ọkùnrin tí àbúrò rẹ fẹ́ fẹ́, kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé. Mo wá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n o mọ̀ mí. Ẹni tó ti fi abẹ́rẹ́ jẹun láti ìgbà èwe kì í wo ojú aṣọ lásán. Inú rẹ̀ ló máa ń yí síta wò.

Iṣẹ́ ọkùnrin náà ni kí ó máa mú àwọn àlejò rìn kiri ìlú, kí ó máa fi àwọn ilé àtijọ́ hàn wọ́n. Afinimọ̀nà ni gbogbo èbúté ń pè é. Ó ga, ó mọ́ tónítóní, ẹnu rẹ̀ sì dùn ju oyin lọ. Ohun tó kọ́kọ́ kọ mí lóminú nìyẹn. Nígbà tí mo béèrè bàbá rẹ̀, ó wolẹ̀, ó ní, “Ojú omi ni wọ́n wà, Mà. Atukọ̀ ni wọ́n.” Kí n tó béèrè òmíràn, àbúrò rẹ ti gbé tíì síwájú mi bí ẹni tó fẹ́ fi dí mi lẹ́nu.

Lọ́jọ́ Ajé, ó ní òun yóò mú mi rìn yí ìlú ká bí òun ṣe ń mú àwọn àlejò. A bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìmọ́lẹ̀ tó ń ṣọ́nà fún ọkọ̀ ojú omi. Ó fi ibi tí iyọ̀ òkun ti jẹ ògiri hàn mí, ó sì sọ ìtàn opó kan tó wọ aṣọ ọkọ rẹ̀ tó ti kú, tó ń tan iná náà títí ó fi darúgbó, tí àwọn ọ̀gá kò mọ̀ pé obìnrin ni. Mo bi í pé, “Ṣé òótọ́ ni?” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi ni mo ṣe sọ ọ́, Mà.” Mo fi ìyẹn sápò.

Láti ibẹ̀ a dé ilé aṣọ́bodè àtijọ́, níbi tí yíyí àgbá ti gbẹ́ ojú òkúta ilẹ̀ di kòtò. Ìyá kan tó ń ta okùn ọkọ̀ jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Bó ṣe rí wa, ó ké sí i pé, “Ṣé Bàbá jẹun láàárọ̀ yìí?” Ó yára dáhùn pé, “A dúpẹ́, Mà,” ó sì di ọwọ́ mi mú, a ti kọjá. Ọmọ mi, bàbá tó wà lójú omi, ta ló ń bi ará ilẹ̀ bóyá ó jẹun?

Èyí tó wá burú jù ni ti ilé gogoro aláago. Téèyàn bá dúró nídìí aago náà, yóò rí òrùlé pupa tíátà àtijọ́ ní ìparí òpópónà kan tó lọ tààrà. Ó dájú pé ibẹ̀ la ń lọ. Afinimọ̀nà bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó mú mi gba ẹ̀yìn ilé tí wọ́n ń kó ẹja pamọ́ sí, a gun òkè, eékún mi ń pariwo. Mo ní ọ̀nà tààrà ńkọ́? Ó ní wọ́n ń tún un ṣe. Kò tíì pa ẹnu dé tí oníbúrẹ́dì kan fi gun kẹ̀kẹ́ jáde láti ibẹ̀, tó ń súfèé. Mo gbójú sókè. Lórí bákónì kan tí wọ́n kun ní àwọ̀ ewé, obìnrin kan ń sá ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin. Ó na ọwọ́ sí Afinimọ̀nà. Òun náà mi orí díẹ̀, bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Mo ní, ìyàwó ilé rèé!

N kò gbọ́ ìtàn kankan mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Lẹ́yìn tíátà, nínú mùsíọ́mù tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ sí, ó ń ṣàlàyé ìdákọ̀ró ńlá kan tí wọ́n fà jáde nínú ẹrẹ̀. Èmi ń wo ìka rẹ̀ bóyá ojú òrùka wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo sọ fún àbúrò rẹ pé mo fẹ́ lọ ra òwú. Mo gba òpópónà náà tààrà. Ẹnikẹ́ni kò tún nǹkan kan ṣe níbẹ̀. Mo gun àtẹ̀gùn ilé bákónì náà, mo kanlẹ̀kùn. Obìnrin náà ṣí i díẹ̀, kò ju kí ojú kan yọ lọ. Ó ní, “Ta lẹ̀ ń wá?” Mo purọ́, mo ní mo ń wá ẹni tó ní aṣọ rírán. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Kò gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́, èmi náà kò sì gba ojú rẹ̀ gbọ́. Bí a ṣe dúró nìyẹn, tí ohùn àgbàlagbà kan fi dún nínú yàrá pé, “Jẹ́ kí wọ́n wọlé. Ọkọ̀ wọn ti gúnlẹ̀.”

Bàbá arúgbó kan jókòó sójú fèrèsé tó kọjú sí omi, ó wọ kóòtù atukọ̀ tó ti ṣá. Ó bi mí pé, “Ọkọ̀ wo lẹ bá dé?” N kò mọ ìgbà tí mo dáhùn pé ọkọ̀ àárọ̀ ni. Ó ní, “Ẹ kú ewu. Ṣé omi ò le jù?” Mo ní, “Kò le, Bàbá.” Ó yíjú padà sí fèrèsé, ó ń bá àwọn ọkọ̀ tí n kò rí sọ̀rọ̀.

Obìnrin náà, ẹ̀gbọ́n Afinimọ̀nà ni. Ó ní okùn irin kan ló já lójú ọkọ̀, tó gbá bàbá wọn lórí. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn rẹ̀ kò ti tíì sọ̀ kalẹ̀ sórí ilẹ̀. Ó ní àwọn kan tó fẹ́ di àna wọn ti wá rí i rí, wọ́n sì bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Mo ní sínú ara mi pé irú èyí ni gbogbo ìdílé tí wèrè wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn máa ń sọ. Mo bi í bóyá ẹlòmíràn wà nínú ẹbí wọn tó rí bẹ́ẹ̀. Ó wò mí lójú kòró, ó ní, “Ẹ bi gbogbo àdúgbò.” Mo sì bi wọ́n. Mo bi oníbúrẹ́dì, mo bi ìyá olókùn, mo bi atukọ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì. Okùn irin náà ni gbogbo wọn ń wí.

Àmọ́ kí n tó kúrò nínú yàrá yẹn, mo tẹ̀ síwájú láti dágbére fún bàbá, ojú mi sì bọ́ sí ìgbọ̀nwọ́ kóòtù rẹ̀. Wọ́n ti lẹ̀ ẹ́. Mo yí etí aṣọ náà padà. Ọwọ́ ìránṣọ tí ìyá mi kọ́ mi ni, èyí tó ń dùbúlẹ̀ sápá kan, tí a ń so ní kókó méjì nínú. Ẹ̀yin méjèèjì nìkan ni mo kọ́.

N kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀ nígbà tí mo délé. Mo ní, “Ta ló lẹ kóòtù bàbá náà?” Àbúrò rẹ gbé abọ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ lòun ń lọ bá wọn fọṣọ, kò sí ohun tí Afinimọ̀nà fi pa mọ́ fún òun. Ó ní òun lòun bẹ̀ ẹ́ pé kó má mú mi gba ibẹ̀. Mo ní ta ló kọ́ ọ ní irú ọgbọ́n yẹn. Ó sunkún, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi ló ní kí n má sọ. Wọ́n ní bí ẹ bá gbọ́, ẹ ó di ẹrù yín lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ ó sì di tèmi mọ́ ọn.”

Mo ti ń fura sí ọmọ ọlọ́mọ láti ọjọ́ tí mo dé, àwọn ọmọ tí mo bí ló ń yí mi po.

Láàárọ̀ yìí mo sọ fún Afinimọ̀nà pé, “Ilé kan kù tí o kò tíì fi hàn mí.” Ó ṣí fìlà. A gba òpópónà tààrà. Nígbà tí a débẹ̀, ó rún búrẹ́dì sínú mílíìkì, ó ń fi ṣíbí bọ́ bàbá rẹ̀, ó ń dúró kí ó gbé e mì. Bàbá kò mọ̀ ọ́n. Ó pè é ní ọmọṣẹ́, ó ní ṣé ó ti gbá ojú ọkọ̀. Afinimọ̀nà ní, “Ó ti mọ́, Ọ̀gá.” Mo ń wo ojú rẹ̀ bóyá n ó rí irọ́. Mo rí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tó ń ba ilé jẹ́. Mo gba ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kí ó jókòó, kí òun náà jẹun.

Nítorí náà, mo ti fọwọ́ sí i. Ìgbéyàwó yóò wáyé. Ìwọ ló kù. Má fi fóònù dáhùn lẹ́tà yìí, nítorí fóònù kò ní ojú tí mo lè wò. Wá jókòó síwájú mi, kí o sọ fún mi ohun tí ẹ rí lára mi tí ẹ fi rò pé n kò lè gba irú bàbá bẹ́ẹ̀ lána. Lẹ́yìn náà, kí o sọ àwọn nǹkan mìíràn tí ẹ ti fi pa mọ́, torí mo mọ̀ pé wọ́n wà.

Kí Olúwa pa ọ́ mọ́ pẹ̀lú agboolé rẹ. O kò ní fẹsẹ̀ kọ lọ́nà. Àwọn ọmọ rẹ yóò sọ òtítọ́ fún ọ.

Èmi ni ìyá rẹ tó bí ọ, tí kò tíì sùn,

Màmá.

Àfikún: Àbúrò rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú, ó ní ta ni mò ń kọ̀wé gígùn bẹ́ẹ̀ sí. Mo ní oníbàárà kan tó ń yọ mí lẹ́nu lórí aṣọ rẹ̀ ni. Ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ mọ bí a ṣe ń fi nǹkan pa mọ́.