Ìgò Tó Wà Nínú Bàtà Citlali

Màámi,

Ẹ kú ìtọ́jú Citlali ọmọ mi. Ara mi le, oúnjẹ sì wà dáadáa ní oko ẹlẹ́dẹ̀ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Sonora níbí.

Lánàá, a pa mẹ́fà lára àwọn ẹlẹ́dẹ̀ tí mò ń gún ní abẹ́rẹ́ amúdàgbà. Ẹran wọn pọ̀, ọ̀rá ẹ̀yìn wọn fẹ́lẹ́ bíi búrẹ́dì pẹlẹbẹ tòtíyà. Àmọ́ ẹ̀dọ̀ wọn wú, ọkàn wọn wú, oríkèé ẹsẹ̀ àwọn méjì sì ti bàjẹ́. Mo bi dókítà ẹran pé kí ló fà á.

“Amparo, ṣé o rò pé ẹran ara nìkan ló létí ni? Gbogbo ara ló ń gbọ́ abẹ́rẹ́ náà, kálukú sì ń dáhùn bó ṣe wù ú.”

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Màámi, ìgò kékeré abẹ́rẹ́ kan náà tí mo fi sínú bàtà tí mo fi ránṣẹ́ sí Citlali, tí mo ní kẹ́ ẹ máa gún fún un kó lè ga bí ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bò ó mọ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti gún un, ẹ sọ iye ìgbà fún mi. Mi ò ní bínú.

Ẹ bá mi kí Doña Chayo, aládùúgbò wa. Ẹ bá mi kí ọmọ mi. Ẹ kọ̀wé sí mi bóyá bàtà náà ṣì tóbi fún un. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ra èyí tó tóbi ni.

Amparo yín