Òṣùwọ̀n Tí Kò Sún

Ẹ̀gbẹ́ ojú irin,
Ṣábẹ̀ẹ́.

Ọ̀rẹ́ mi Rissikatou,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ rẹ ní Pobè. Ṣé ara le? Ṣé ojú abẹ ti jinná, ṣé oúnjẹ díẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wa ń lọ nírọ̀rùn? Bí ẹ bá wà ní àlàáfíà, ìdùnnú mi nìyẹn. Èmi náà wà láàyè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá mi ti ṣọ̀fọ̀ mi tán. Màá dé ibẹ̀.

Ohùn rẹ tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù ni kò jẹ́ kí n gbádùn. O ní òṣùwọ̀n rẹ ti dúró sójú kan láti oṣù tó kọjá, pé o ti fi oúnjẹ àárọ̀ sílẹ̀, o sì fẹ́ fi ti ọ̀sán náà sílẹ̀. Mo fẹ́ pè ọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́: wàá máa bá mi jiyàn ni. Lẹ́tà kì í gba iyàn.

O mọ̀ pé kì í ṣe nítorí ẹwà ni mo ṣe gbà kí wọ́n la inú mi ní Kùtọ̀nú, kí wọ́n gé àpò oúnjẹ mi kéré. Nítorí ìkúnlẹ̀ ni. Ó ti pẹ́ tí orúnkún mi ti kan ilẹ̀ gbẹ̀yìn níwájú ìyá mi ní Sakin. Tí mo bá dán an wò, àbúrò mi Àdìjá àti ọkọ rẹ̀ ni yóò dì mí mú lápá méjèèjì kí n tó lè dìde, àwọn ọmọ á sì máa fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ojú ń tì mí. Mo wá ń kí ìyá mi lórí ìdúró bí ọlọ́pàá.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, mo pinnu pé n kò ní tẹ Sakin àfi ìgbà tí mo bá wọ àádọ́rùn-ún kílò, kí n lè lọ kúnlẹ̀ fún un bí ọmọge. Òṣùwọ̀n onírin tí mo fi ń ra kajú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Kaboua ni mo ń gùn láràárọ̀. Ó ń sọ̀kalẹ̀, inú mi ń dùn. Nígbà tó dé kílò méjìlélọ́gọ́rùn-ún, ó dúró. Kajú ń tán lórí igi, òun kò sún. Ara mi kò balẹ̀ mọ́. Mo gùn ún láàárọ̀, mo gùn ún lọ́sàn-án, mo bọ́ gèlè, mo bọ́ yẹtí, mo tún gùn ún. Mo gbé àpò kajú tí mo mọ ìwọ̀n rẹ̀ lé e, bóyá irọ́ ló ń pa. Kò purọ́. Èmi tí mo mọ ojú òṣùwọ̀n ju ojú ọkọ mi lọ, òun náà ló wá di ọ̀tá mi.

Dókítà ní ara ló ń sinmi, pé bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí fún ọ̀pọ̀ èèyàn, kí n jẹ ẹyin mi, kí n jẹ ẹja mi, kí n máa rìn. Mo ní mo ti gbọ́, n kò sì gbọ́. Ẹ̀kọ mímu nìkan ni mo ń mu. Irun ń já sínú ìyarun, òòyì ń kọ́ mi láàárín ọjà, gbogbo ẹni tó bá kí mi ni mò ń kanra mọ́.

Ìyá mi sì ń béèrè mi. Etí rẹ̀ ti di, kò lè gbọ́ fóònù. Àdìjá á ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Awawou wà, ó ń bọ̀." Ìwọ náà mọ àṣà wa. Bí èèyàn bá kú tí a kò fẹ́ kí àgbàlagbà mọ̀, kí la máa ń sọ? Pé ó wà, ó ń bọ̀. Ohun tí ìyá mi gbọ́ nínú rẹ̀ ni pé wọ́n la inú ọmọ òun, ó kú síbẹ̀, wọ́n sì ń fi pamọ́ fún òun. Kò bi wọ́n mọ́. Ó kọjú sí ògiri, kò jẹun mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Àdìjá pè mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa bọ̀. Màmá ní ibo la sin yín sí."

N kò ti ilẹ̀kùn. Bàtà ilé ni mo wọ̀ gun alùpùpù zémìjàn lọ sí Sakin.

Mo bá a lórí ẹní, ó ti kéré bí ọmọdé. Mo pè é. Ó na ọwọ́, ó fọwọ́ wá ojú mi, ó fọwọ́ wá ọrùn mi. Ó ní, "Awawou, ìwọ nìyí? Kí ló gbé ara rẹ lọ?" Mo sunkún, òun náà sunkún. Nígbà tó yá, ó ní kí n fún òun lómi. Mo dìde, mo bu omi nínú àmù, mo gbé e wá. Ó wò mí, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Ta ló gbé ọ dìde?"

Ìgbà yẹn ni mo wo ara mi. Erùpẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ìró mi níbi orúnkún méjèèjì. Mo ti kúnlẹ̀ láìmọ̀, mo sì ti dìde láìsí ẹni tó dì mí mú, lórí kílò méjìlélọ́gọ́rùn-ún kan náà tí mo ti ń bú láti ọjọ́ yìí.

Mo se ẹyin fún un. Ó ní òun kò ní jẹ àfi kí n kọ́kọ́ jẹ. A pín in sí méjì, a jẹ ẹ́.

Nítorí náà, jọ̀ọ́, jẹun láàárọ̀. Ìyá tìrẹ náà wà níbìkan tó ń béèrè rẹ. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n ṣọ̀fọ̀ wa nígbà tí a wà láàyè. Kí ó fún ara wa ní okun, kí ó sì fún wa ní sùúrù tí a kò bí mọ́ èmi àti ìwọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí bẹ́ẹ̀dì wa jọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní ọsibítù,
Awawou

Mo tún rántí: Mo gun òṣùwọ̀n náà láàárọ̀ yìí. Kò sún. Mo bú u díẹ̀, mo sì lọ jẹ ẹyin mi. Lọ́jọ́ Ẹtì, mò ń pa dà sí Sakin. Màmá ní òun fẹ́ tún wo bí mo ṣe ń dìde.