Ẹsẹ̀ Tí Kì í Ṣe Ti Màámi

Ojúlé Kẹrìnlá, Rọ́òdù 512,
Festac Town, Èkó.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹsàn-án, 2025.

Tẹjúmádé, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Olúwaṣẹ́gun ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ikọ́ yẹn ti fi í sílẹ̀? Àwọn ọmọ ń kàwé? Mo kí gbogbo yín n'Ìbàdàn. Èmi ò gbádùn o. Bí mo bá rántí ohun tí wọ́n fi ojú màámi rí, ó ń ṣe mí bíi kí n tutọ́.

Egbò tún yọ ní gìgísẹ̀ màámi. Mo gbọ́ pé kílíníìkì tuntun kan ní Mazamaza ní ẹ̀rọ tó ń wo iṣan ẹ̀jẹ̀ láì gún èèyàn lábẹ́rẹ́. Ìmọ́lẹ̀ ló ń tàn sí ara. Bó bá kan ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á gbóná díẹ̀, á mú ìró jáde tí etí wa ò lè gbọ́, ẹ̀rọ á sì fi ìró yẹn ya àwòrán. Irọ́ kọ́, iṣẹ́ ọpọlọ gidi ni. Mo pọ́n ọn lé títí màámi fi tẹ̀ lé mi lọ. A bá àwọn oníkámẹ́rà níbẹ̀, tí wọ́n ń ṣe ìpolówó. Wọ́n fún wa ní àwòrán ẹsẹ̀ tó rẹwà, tí orúkọ màámi wà lórí ẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ń lọ geere dé gbogbo ìka.

Ilé ni mo ti wá ka ìka náà. Márùn-ún! Tẹjú, ṣebí ìwọ lo ń wẹ egbò màámi nígbà tí wọ́n gé ìka kan lẹ́sẹ̀ yẹn. Mo sáré padà. Juliana, ọmọbìnrin pupa tó ń lo ẹ̀rọ náà, ò tiẹ̀ tijú: "Bọ̀dá, ẹ má bínú, ẹsẹ̀ tèmi ni. Ara dúdú máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ yẹn mì, ti Mọ́mì kàn ṣú bàìbàì ni. Ọ̀gá ní a ò gbọdọ̀ tẹ́ níwájú kámẹ́rà." Tùẹ̀! Ẹ̀rọ tí ò lè rí ara wa ni wọ́n gbé wá sáàárín wa, ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n sì fi bo àṣírí ẹ̀. Àwọn aláìlójútì!

Dókítà ọsibítù ńlá tí mo gbé wọn lọ lẹ́yìn náà ní ẹ̀jẹ̀ ò dé gìgísẹ̀ mọ́. Bí wọn ò bá ṣí iṣan náà di ọjọ́ Ẹtì, gígé ló kù. Màámi kọ iṣẹ́ abẹ jálẹ̀. Wọ́n ti fi àwòrán náà jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ìjọ ti pariwo halelúyà. Mo ka ìka márààrún fún wọn, wọ́n ní Ọlọ́run ń fi han àwọn pé èyí tí wọ́n gé ń padà bọ̀ ni.

Níyìọlá, tó ń bọ̀ n'Ìbàdàn lónìí, ni mo fi lẹ́tà yìí rán, torí ẹkún ni wàá gbọ́ lórí fóònù. Bá mi kí Olúwaṣẹ́gun, kó yọ̀ǹda rẹ fún mi. Jọ̀ọ́, wọkọ̀ wá kí ọjọ́ Ẹtì tó pé. Màámi ń gbọ́rọ̀ sí ọ lẹ́nu. Wọn ò lè gbọ́ tèmi mọ́. Wọ́n wojú mi lánàá, wọ́n ní, "Kọ́ládé, ẹnu tí o fi ní kí n gbà wọ́n gbọ́ náà lo fi ń sọ pé irọ́ ni. Èwo ni kí n gbà?"

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tó ń retí rẹ,
Kọ́ládé