Màmá Lhakyi, Ẹni Tí Kò Jẹ́ Kí Ife Ṣófo

Ọdún 1938, tí àwọn baba wa ń pè ní ọdún Ẹkùn Ilẹ̀, ni wọ́n bí Màmá Lhakyi ní Nyarong, ní ilẹ̀ Kham, ìlà-oòrùn Tibet. Olóògbé Gyurme, tó ń da yak, màlúù onírun gígùn orí òkè, ni baba wọn. Olóògbé Yangkyi ni ìyá wọn. Ará Kham kì í gba ìwọ̀sí, ọkùnrin wọn kì í sì í jáde láìfi ọ̀bẹ há ìbàdí. Màmá náà ní ọ̀bẹ tiwọn, ṣùgbọ́n ẹnu ni wọ́n gbé e sí.

Ní 1959, ogun lé wọn kúrò nílé. Baba wọn kú sójú ìjà, òtútù orí òkè sì pa ìyá wọn. Màmá pọn àbúrò wọn, Gonpo, sọdá sí India. Níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ọ̀nà ni wọ́n ti pàdé Phurbu, tí gbogbo wa ń pè ní Baba, tí wọ́n sì ṣègbéyàwó ní 1962.

Ní 1967, ìdílé náà dé ibùdó wa yìí ní gúúsù India. Wọ́n ṣán igbó, wọ́n gbin àgbàdo, wọ́n sì ń lọ ta súwẹ́tà ní ìlú ńlá nígbà òtútù. Màmá kò rí ilé ìwé lọ ní kékeré, ilé ẹ̀kọ́ àgbà ni wọ́n ti mọ̀wé. Ó sì di wàhálà fún àwọn olórí ibùdó, nítorí kò sí ìkéde tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri tí Màmá kì í kà, kí wọ́n sì wá béèrè ìdí rẹ̀.

Ní 1974, nígbà tí ará Kham àti ará Amdo, ẹkùn Tibet mìíràn, fẹ́ lu ara wọn pa nítorí ẹ̀rọ omi, Màmá dá ìpàdé gbangba sílẹ̀. Ọjọ́ tí òṣùpá bá kún ni a ń ṣe é. Ẹnikẹ́ni lè sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹlòmíràn. Kálukú á mú ife tirẹ̀ wá, Màmá á bu tíì oníbọ́tà oníyọ̀ sí i. Wọ́n ní ẹni tó di ife gbígbóná mú kò ráyè di ẹ̀ṣẹ́. Nígbà kan, kò sẹ́ni tó wá. Màmá àti ajá ilé ló jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Baba fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí wọ́n délé.

“Ṣé ìpàdé ti parí?”

“Ó ti parí. Àwa tí a wá fẹnu kò.”

Ìdánwò ńlá dé ní 1983. Màlúù abúlé kejì, abúlé àwọn ọmọ onílẹ̀ India, wọ oko àgbàdo wa. Rabten, àkọ́bí Màmá, lọ lé wọn, àwọn ọ̀dọ́ abúlé náà sì lù ú, wọ́n dá a lápá. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, àwọn ọ̀dọ́ wa ti kó igi àti epo jọ, Bàbá Gonpo sì ni olórí wọn. Wọ́n fẹ́ lọ sun abúlé náà. Ká ní wọ́n sun ún ni, ibo ni a ó tún sá lọ, àwa tí a ti sá nílé lẹ́ẹ̀kan?

Màmá dìde láti lọ pe Bàbá Ningappa, olórí abúlé náà, wá sí ìpàdé. Wọ́n sọ fún Baba lẹ́nu ọ̀nà pé, “Bí mi ò bá padà dé, ẹ ṣe ìpàdé náà.” Ṣùgbọ́n wọ́n padà dé, àwọn àti Bàbá Ningappa, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì fi rìn ín. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Kò sẹ́ni tó kí àlejò.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ yín ni wọ́n dá lápá,” ni Bàbá Gonpo wí. “Tíì lẹ tún ń gbé kiri?”

“Inú ń bí mi, Gonpo. Tí mo bá ní kò bí mi, irọ́ ni. Jókòó. Mú ife rẹ.”

Nílé wa, ìtìjú ni kí ife àlejò ṣófo. Ẹni tó bá yó á fi tirẹ̀ sílẹ̀ ní kíkún. Ní abúlé Bàbá Ningappa, ìwọ̀sí ni kí àlejò ṣẹ́ ohun mímu kù. Bàbá Ningappa mu ún tán, Màmá bu òmíràn. Wọ́n tún mu ún tán, Màmá tún bù ú. Òógùn bo ojú àlejò, bọ́tà ń dán ní irùngbọ̀n wọn, wọ́n sì ń gbé e mì bí ẹni ń gbé àgbo mì. Gbogbo gbọ̀ngàn ń wò wọ́n.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ni Bàbá Gonpo wí, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pa bàbá yẹn. Èmi ni mo fẹ́ pa á.”

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Ningappa ń wo ọ̀tún, wọ́n ń wo òsì. Rabten, tó gbọ́ èdè wọn, ló dìde pẹ̀lú apá tí wọ́n dì.

“Bàbá, ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Tí ẹ bá ń mu ún tán, Màmá ò ní yéé bù ú.”

“Mo rò pé ìyà ẹ̀ṣẹ̀ wa lẹ fi ń jẹ mí ni, ọmọ mi. Mo sì ní ó tọ́ sí wa.”

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́jọ́ náà. Bàbá Ningappa sọ pé ọmọ ẹ̀gbọ́n àwọn ló dá Rabten lápá, wọ́n sì mú un wá tọrọ àforíjì. Abúlé náà ń so màlúù wọn mọ́lẹ̀ títí a fi kórè. Apá Rabten kò tọ́ mọ́ títí dòní, Bàbá Gonpo kò sì bá Màmá sọ̀rọ̀ títí di àsìkò ìgbìn, nítorí Màmá kò jẹ́ kí wọ́n gbẹ̀san. Ó dun Màmá gan-an, ṣùgbọ́n wọn kò pa ìpàdé oṣù kankan jẹ.

Màmá ń yí àgbá àdúrà wọn, agolo kékeré tí a ki ìwé àdúrà sínú rẹ̀, ní òròòwúrọ̀, wọ́n sì ń gbàdúrà fún ọ̀tá kí wọ́n tó dárúkọ ọmọ. Baba ṣáájú wọn lọ ní 2009. Àwọn tí wọ́n fi sáyé lọ ni Rabten, Dickyi àti Yeshi. Àwọn ọmọ-ọmọ sì wà ní ibùdó yìí àti ní Kánádà. Àbúrò wọn, Bàbá Gonpo, ló ń darí ìpàdé náà báyìí.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń rìnrìn àjò nínú ilé yìí, Màmá a máa bu tíì kún ife rẹ̀, wọn a sì fi í sílẹ̀ ní ìjókòó rẹ̀ láìmu, kí onítọ̀hún lè padà wá. Nígbà tí Màmá kú, ẹkún kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa rántí. Bàbá Ningappa, tí wọ́n fi ọ̀pá rìn wá bá wa kẹ́dùn, ló béèrè pé, “Ife tiwọn dà?” Bàbá Gonpo fọwọ́ ara wọn bù ú.

Màmá, ẹ sinmi ire, ẹ lọ ire, ẹ bọ̀ ire. Ife yín ti kún. A ò ní jẹ́ kó ṣófo.