Ohùn Bàbá Lórí Fíìmù Ẹranko

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejì oṣù kẹta

Mo-ti-mọ̀ ti kó kásẹ́ẹ̀tì Bàbá lọ. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àbúrò mi ni, èmi ni mo rán an, nítorí ẹ̀rọ tó ń lo kásẹ́ẹ̀tì ti kú, mi ò sì ráyè kúrò nídìí búrẹ́dì mi. Oníkọ̀ǹpútà kan á dà wọ́n kọ sórí fúláàṣì.

Obìnrin tó ń kọ́ àwọn aláìsàn ní ọ̀rọ̀ sísọ ní ọsibítù ló dábàá ẹ̀. Látìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti mú Bàbá, wọn ò sọ ju "ùn-ún" lọ. Obìnrin náà ní bí ohùn wọn àtijọ́ bá wà níbì kan, ká máa jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ. Ó wà. Orí fíìmù ẹranko nìkan ló sì wà.

Onígbàjámọ̀ ni Bàbá, wọ́n á fẹnu fá orí kí wọ́n tó fi abẹ fá a. Lọ́jọ́ Àìkú, gbogbo wa á kóra jọ sí pálọ̀, wọ́n á pa ohùn òyìnbó inú fíìmù, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Ọ̀nì ni "Lánlọ́ọ̀dù" — ó dijú bí ẹni tó sùn, ó mọ gbogbo ẹni tó wọ odò. Àwọn ẹyẹ orí yìnyín tí kì í fò, "Ẹgbẹ́ Akọrin". Bí wọ́n bá yí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo padà, àwa ọmọ á figbe ta. Ìdí nìyẹn tí onífídíò kan tó ń gẹrun lọ́dọ̀ wọn fi bá wọn fi ohùn wọn sórí kásẹ́ẹ̀tì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Fúláàṣì ò tíì dé. Mo bi Mo-ti-mọ̀ pé ṣé ó sọ fún oníkọ̀ǹpútà pé ohùn yẹn ló ṣe pàtàkì. "Mo ti mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi, mo ti mọ̀."

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Ó dé. Áà, ayé mi!

Àwòrán ń dán gbinrin. Mo gbé Bàbá jókòó, mo fi ìrọ̀rí tì wọ́n lẹ́yìn. Ọ̀nì jáde. Ohùn òyìnbó jáde. Mo fò ó síwájú — òyìnbó. Ìkejì — òyìnbó. Bàbá ń wo ẹnu mi bí ẹni pé èmi ni mo gbé ohùn wọn pamọ́.

Mo pe Mo-ti-mọ̀. Ó ní òun kàn ní kí wọ́n bá òun tún un ṣe kó mọ́ tónítóní ni. Kò tiẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wò kó tó gbé e wá! Wọ́n ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ní tiẹ̀, iṣẹ́ ọmọ ni mo rán an, ó fi tẹrú jẹ́ ẹ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Mo lọ bá oníkọ̀ǹpútà. Aṣọ iṣẹ́ ni mo wọ̀ lọ, ìyẹ̀fun lára. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Ẹnì kan ló ń pariwo lórí ẹ̀ látòkè délẹ̀. Mo rò pé wọ́n ti bà á jẹ́ ni, mo bá wá fíìmù kan náà tó mọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún yín." Kásẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ó ti dà wọ́n nù. Àwọn akólẹ̀ ti kó wọn lọ láàárọ̀ àná.

Ariwo. Bàbá mi ló ń pè ní ariwo.

Mo sọ̀rọ̀ síbẹ̀ títí àwọn oníbàárà rẹ̀ fi jáde. Mi ò kábàámọ̀ ẹyọ kan nínú ohun tí mo sọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Búrẹ́dì jóná. Kí ẹnikẹ́ni má bá mi sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Ìyá Ìbéèrè, ọmọ mi tí ìbéèrè kì í tán lẹ́nu ẹ̀, ní ká ṣáà wò ó bẹ́ẹ̀. A wò ó. Kí n má purọ́, fíìmù àtijọ́ dára. Kò sí ìbọn, kò sí ìhòòhò tí wọ́n á torí ẹ̀ lé ọmọdé wọ yàrá. Kámẹ́rà á dúró ti ẹyẹ kan títí yóò fi kọ́ ìtẹ́ tán. Ìyá mi àti ọmọ mi, wọn kì í gbà lórí ohun kankan, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n jọ pariwo pé, "Sá!" nígbà tí kìnnìún yọ sí ẹtu.

Ọmọ mi wá ní, "Kí ló dé tí ọkùnrin yìí ò pe Lánlọ́ọ̀dù ní Lánlọ́ọ̀dù?" Bàbá yíjú sí ògiri. Inú tún bí mi lákọ̀tun.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Mo-ti-mọ̀ wá bẹ̀bẹ̀. Mi ò ṣílẹ̀kùn. Ìyá dúró ní kọ́rídọ̀ wọ́n ní, "Ìbínú bàbá yín lo jogún yẹn, o ò sì jẹ́ kó ṣẹ́ kù fún ẹnikẹ́ni." Kí wọ́n máa sọ ọ́ lọ. Ta ló máa dá ohùn padà? Ìbínú ò lè dá a padà, mo mọ̀. Ẹ̀bẹ̀ náà ò lè dá a padà.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo ti ilé búrẹ́dì dé, mo bá Mo-ti-mọ̀ ní pálọ̀. Ìyá ló ṣílẹ̀kùn fún un. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Ìyá ní kí n jókòó. Wọ́n pa ohùn òyìnbó, wọ́n kọjú sí Mo-ti-mọ̀: "Ìwọ lo pa á. Ìwọ ni kó o sọ ọ́."

Ó bẹ̀rẹ̀. Ibi tí agbo erin ti ń la ilẹ̀ gbígbẹ kọjá ni. Ó rántí díẹ̀, ó ń fi ọ̀rọ̀ òyìnbó inú fíìmù dí èyí tí kò rántí. Eruku gbòde, ọmọ erin kan já sẹ́yìn. Ó ní, "Ọmọ náà sọnù. Ìyá rẹ̀ ò rí i mọ́."

Gbà! Ọwọ́ òsì Bàbá lórí àga.

"I... irọ́!"

Ìyá ní, "Ẹ ní kí ni, bàbá wọn?"

Ojú wọn pọ́n, ẹnu wọn wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ń bínú sí gbogbo wa pátá. "Irọ́. Ó... dé. Ọmọ... dé."

Omi bọ́ lójú mi. Bàbá ò rí tèmi rò. Ìka wọn ń gún tẹlifíṣọ̀n: kí a dá a padà sẹ́yìn, kí òpònú yẹn tún un sọ. Mo dá a padà. Mo-ti-mọ̀ tún bẹ̀rẹ̀, ó tún ṣì í, Bàbá tún ní irọ́ ni.