Òkè Mẹ́fà àti Àpò Bọ̀dá Theo

Sátidé, Jánúárì 12, 1991

Òkè kẹrin parí. Black Hill. Orúkọ yẹn bá a mu — ẹrẹ̀ dúdú láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ẹrẹ̀ tó ń fa bàtà bí ẹni pé ebi ń pa á. Mo dé orí rẹ̀, mo fọwọ́ kan òpó òkúta tí wọ́n rì mọ́bẹ̀. Ó yẹ kí inú mi dùn. Inú ń bí mi.

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹgbẹ́ agunkè yunifásítì wa ní ìlú òyìnbó níbí ní òkè mẹ́fà tí èèyàn gbọ́dọ̀ gùn nígbà òtútù, láàárín ìbẹ̀rẹ̀ Dìsẹ́ńbà sí ìparí Fẹ́búárì. Ẹni tó bá gun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ńlá ẹgbẹ́. Mo ti gun mẹ́ta kí Kérésì tó dé. Andrew ni olórí wa. Aláago ni mò ń pè é nínú ìwé yìí, torí aago ọwọ́ rẹ̀ ló máa ń wò kó tó wo ojú èèyàn. Ọmọ Nàìjíríà méjì péré ló wà nínú ẹgbẹ́: èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wà ní ọdún kìíní, àti Bọ̀dá Theophilus Ṣàngótúndé tó ń ṣe PhD. Orí Bọ̀dá Theo ti funfun.

Torí náà èmi ni mò ń gbé àpò rẹ̀. Láti òkè àkọ́kọ́. Ta ló máa rí àgbà pẹ̀lú ẹrù tí kò ní gbà á? Lónìí náà, bí a ṣe sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, mo kúnlẹ̀ kí i, mo na ọwọ́, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Kò sọ pé rárá. Àpò tèmi lẹ́yìn, tirẹ̀ láyà. Mo rí bí ìyá ìbejì.

Nígbà tí mo fi dé orí òkè, àwọn tó kù ti mu tíì tán. Aláago wo aago. Níwájú gbogbo wọn, ó ní, "Bùsọ́lá, ò ń fà wá sẹ́yìn." Bọ̀dá Theo wà níbẹ̀! Ó ń jẹ bisikíìtì. Kò la ẹnu rẹ̀ sọ pé, ẹ wò ó, ẹrù mi ló gbé.

Theresa, òyìnbó ọmọ ìlú Ramsbottom, nìkan ló bu tíì fún mi. Ó bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń gbé àpò méjì. Mo ní àṣà wa ni. Ó ní, "Àṣà yín mà wúwo o."

Sọ́ńdè, Jánúárì 13

Mo jẹun ní Stretford lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, nílé Àǹtí Roseline, àbúrò màmá mi. Mo ro ẹjọ́ àpò fún un. Ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn. Ó ní ṣé nítorí àpò lásán ni mo ṣe ń ṣu ẹnu jọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Jẹ́ kí àgbàlagbà gbé ẹrù lójú rẹ, kí o wò ó bí wọn ò ní gbọ́ ọ dé Abẹ́òkúta."

Lẹ́tà bàbá mi dé síbẹ̀. "Mo gbọ́ pé òkè lò ń gùn báyìí. Ṣé èyí náà ò ní rí bí ti dùùrù?" Dùùrù, èdè Faransé, ẹgbẹ́ akọrin — gbogbo rẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀, mi ò parí ọ̀kan. Òótọ́ ni bàbá mi sọ, òun ló ṣe ń dùn mí. Èmi ni mo kọ̀wé sí i nígbà Kérésì pé màá gun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ta ló rán mi níṣẹ́?

Ọjọ́rú, Jánúárì 16

Èjìká ṣì ń dùn mí. Mi ò lè na ọwọ́ sókè ní kíláàsì. Olùkọ́ rò pé mi ò mọ ìdáhùn. Mi ò kúkú mọ̀ ọ́n.

Sátidé, Jánúárì 26

Bleaklow. Ẹ̀karùn-ún. Atẹ́gùn tó lè gba eyín lẹ́nu èèyàn.

Àpò Baba Alápò wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. (Mo ti sọ Bọ̀dá Theo ní Baba Alápò. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.) Fúláàsì ńlá wà níbẹ̀, aṣọ òjò méjì, àti nǹkan kan tó le, tó ní igun mẹ́rin, tó ń gún mi láyà. Ìwé ni! Ta ní ń gbé ìwé gun òkè? Mo ṣubú lẹ́ẹ̀kan nínú kòtò ẹrẹ̀. Àpò náà ni mo kọ́kọ́ gbé sókè kí ó má bàa rẹ. Mo fi orúnkún gba ẹrẹ̀ nítorí ìwé oníwèé.

Mo fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n pẹ́ lẹ́yìn wọn. Wọ́n dúró dè mí nínú atẹ́gùn yẹn, imú gbogbo wọn ti pọ́n. Aláago ní Kinder ló kù, ó sì lè jẹ́ inú yìnyín la máa gùn ún, ẹni tó bá lọ́ra lórí yìnyín lè kó bá gbogbo ẹgbẹ́. Kò pariwo. Ohun tó sọ mọ́gbọ́n dání, ìyẹn ló tún bí mi nínú jù.

Bọ̀dá Theo ń wo ilẹ̀.

Ó wù mí kí n ju àpò yẹn sí àfonífojì. Dípò bẹ́ẹ̀ mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un, mo ní, "Ẹ kú ewu òkè, sà." Ó ní, "O kú iṣẹ́, àbúrò." Iṣẹ́! Ó mọ̀ pé iṣẹ́ ni!

Ọjọ́ Ẹtì, Fẹ́búárì 1

Wọ́n lẹ orúkọ àwọn tó ń lọ Kinder lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ mọ́ notice board. Wọ́n tò ó ní A, B, D. Andrew. Anthony. Lẹ́yìn náà Claire.

Kò sí Bùsọ́lá. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, bí ẹni pé B lè fara pamọ́. Mi ò ka ìyókù. Ojú mi ti ń ṣú.

Òkè márùn-ún! Pẹ̀lú àpò méjì! Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó gbé tó ìdajì ohun tí mo gbé, èmi ni wọ́n wá yọ. Mo kọ lẹ́tà mẹ́ta sí Aláago, mo fa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ya. Nínú ọ̀kan, mo bẹ̀ ẹ́. Ojú ń tì mí pé mo bẹ̀ ẹ́, bí mi ò tilẹ̀ fi ránṣẹ́.

Bí ti dùùrù.

Sátidé, Fẹ́búárì 9

Yìnyín bo gbogbo ìlú. Bọ́ọ̀sì wọn ò lè lọ. Wọ́n sún Kinder sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo rẹ́rìn-ín tayọ̀tayọ̀ nínú yàrá mi, èmi nìkan. Ìwà burúkú.

Ọjọ́bọ̀, Fẹ́búárì 14



Mo wà ní ilé oúnjẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀sán. Bọ̀dá Theo wọlé pẹ̀lú tiréè oúnjẹ. Mo ti búra pé mi ò ní dá sí i. Ẹsẹ̀ mi ti dìde kí n tó mọ̀, ọwọ́ mi ti wà lára tiréè. "Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e, sà."

Kò fi sílẹ̀. Mo fà á. Ó fà á. Ọbẹ̀ dà sí aṣọ rẹ̀.

"Fi sílẹ̀!" Gbogbo ilé oúnjẹ yíjú wò wá. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá sọ ọ́, ohùn rẹ̀ sì ń lọ sókè: ṣé aláìsàn lòun ni? Ṣé mo ti rí i tó fi ọ̀pá rìn? "Ọmọ ọdún méjìdínlógójì ni mí! Ewú ìdílé wa nìyí. Kí bàbá mi tó pé ọgbọ̀n ọdún ni tirẹ̀ ti yọ!"

Ó ní Andrew ti yọ orúkọ òun kúrò lára àwọn tó ń lọ Kinder. Andrew sọ pé ẹni tí kò lè gbé àpò ara rẹ̀ gun Bleaklow, kí ló fẹ́ wá ṣe ní Kinder.

Mo ní, "Ẹ̀yin náà?"

Ó ní, "Kí ni 'ẹ̀yin náà'?"

Kò mọ̀ pé wọ́n yọ èmi. Èmi náà, ká ní mo ka orúkọ wọ̀nyẹn dé ìsàlẹ̀, ǹ bá ti rí i pé kò sí Theo. Àpò kan ṣoṣo ló yọ wá: èmi torí mo gbé e, òun torí kò gbé e.

Mi ò mọ ibi tí mo ti rí ẹnu. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ máà bínú, sà. Kí ló dé tí ẹ ń gbé e fún mi?"

"Ìwọ lo na ọwọ́! Ìgbàkígbà tí a bá ti sọ̀kalẹ̀, ọwọ́ rẹ ni mo máa ń kọ́kọ́ rí. Kí n wá máa bá ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ja ìjà àpò lójú àwọn òyìnbó?"

"Èmi rò pé ẹ fẹ́ kí n gbé e ni."

"Èmi rò pé o fẹ́ gbé e ni."

Mo tún ní, nígbà tí Andrew ń bú mi lórí òkè, ẹ ò sọ̀rọ̀. Ó ń fi tíṣù nu ọbẹ̀ lára aṣọ. Ó ní, "Ojú tì mí. Tí mo bá sọ̀rọ̀, mo ti jẹ́wọ́ pé ọmọdé ló ń bá mi gbé ẹrù. Mi ò ṣe dáadáa."

Àgbà sọ bẹ́ẹ̀ fún mi.

Mo dé yàrá, mo ṣí ìwé yìí sí Jánúárì 12. "Mo na ọwọ́." Ó wà níbẹ̀. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, Fẹ́búárì 15

Àwa méjèèjì lọ bá Aláago. Bọ̀dá Theo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Aláago ní kí ló dé tí a ò sọ ọ́ látìgbà yìí. Bí ẹni pé ó béèrè rí! Oṣù mẹ́ta ló fi ń wo àpò láyà mi, aago ló ń bi léèrè.

Ó ní bọ́ọ̀sì ti kún. Ṣùgbọ́n òfin ẹgbẹ́ gbà pé kí èèyàn bá ẹni tó ti gun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà rí lọ, kí onítọ̀hún fọwọ́ sí ìwé pé ó gùn ún. Theresa parí tirẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Kò jẹ́ kí n bẹ̀bẹ̀ tán.

Sátidé, Fẹ́búárì 16

Wọ́n lọ Kinder. Mo fọ aṣọ.

Sátidé, Fẹ́búárì 23

Àwa mẹ́ta wọ reluwé láti Piccadilly sí Edale, abúlé tó wà nísàlẹ̀ Kinder. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀, ọwọ́ mi dìde fúnra rẹ̀. Mo tì í bọ àpò ẹ̀wù. Bọ̀dá Theo rí i. Ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn, ó kérora díẹ̀, ó ní, "Kí ló wà nínú nǹkan yìí?" Mo ní, "Ìwé, sà." Ó ní tíṣíìsì PhD òun ni, òun ò lè fi sílẹ̀ sílé, ilé lè jó.

Àṣé báyìí ni òkè ṣe ń rí fún àwọn tó kù! Ara mi fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi bínú lọ́tun. Mo ń rìn lọ, mo ń bínú. Mo wẹ̀yìn, mo rí Theresa nísàlẹ̀, ó ń ké sí mi pé kí n rọra. Èmi! Èmi ni wọ́n ní kí n rọra!

Yìnyín ṣì wà lórí òkè, ó le bí àwo. Nígbà tí òpó òkúta ku bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, mo dúró. Àgbà ló yẹ kó kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Bọ̀dá Theo dé, òun náà dúró. Mo ní, "Ẹ máa lọ, sà." Ó ní, "Ìwọ ni mò ń dúró dè." Theresa gbọn yìnyín lára, ó béèrè pé ta ni àwa méjèèjì tún ń retí. Bọ̀dá Theo ní, "Àpò méjì lo gbé gun márùn-ún. Lọ." Mo lọ.

Theresa yọ ìbọ̀wọ́, ó fọwọ́ sí ìwé wa. Bàbá mi, mo parí rẹ̀.

Bí a ṣe ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀, ẹsẹ̀ mi yọ̀ lórí òkúta, orúnkún mi yẹ̀. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n mò ń tiro. Kí n tó gbórí sókè, Bọ̀dá Theo ti di okùn àpò mi mú. "Gbé e wá."

Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ fi sílẹ̀! Ṣé mo sọ pé mi ò lè gbé e ni?"

Ó fi sílẹ̀. Ẹ̀rín gba ojú rẹ̀.

"Ẹn-ẹ́n," ó ní. "Ṣé o rí bó ṣe ń rí?"

Mo tiro dé Edale. Mo gbé àpò mi.